Ìyá Ìbejì, ẹ má sá kóró máńgòrò

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi nìyí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ mi ra máńgòrò bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, n kò tíì jẹ irú rẹ̀ rí. Mo fọ kóró mẹ́ta nínú rẹ̀, mo sá wọn sójú fèrèsé fún bí oṣù kan kí wọ́n lè gbẹ dáadáa, mo wá gbìn wọ́n sínú garawa ọ̀dà. Kò sí ọ̀kan tó hù. Igi eléso méjì ni mo fẹ́ gbìn sẹ́yìn ilé wa ní Ṣàgámù, ọ̀kan fún Táyé, ọ̀kan fún Kẹ́hìndé, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Àyè tó wà níbẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 30 sí 25 lọ. Àwọn kan ní igi tí èèyàn bá fi kóró gbìn kì í so èso bíi ti ìyá rẹ̀, àwọn kan ní irọ́ ni. Èwo ni ká gbà gbọ́? Ṣé nǹkan mìíràn wà tí mo lè gbìn?”

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ, ẹ kú làálàá. Kóró mẹ́ta yẹn kò ní àrùn kankan, ilẹ̀ yín náà kò sì burú. Ojú fèrèsé ni wọ́n kú sí.

Bí a ṣe ń tọ́jú àgbàdo lẹ ṣe tọ́jú wọn. Àgbàdo, ẹ̀wà, ata, ewédú, gbogbo wọn la lè sá. Wọ́n á gbẹ, wọ́n á sùn, ìgbà tí omi bá kàn wọ́n ni wọ́n á jí. Kóró máńgòrò kò mọ oorun-ún sùn. Ọmọ inú rẹ̀ ti lajú kí èso tó já lórí igi, omi ara rẹ̀ ló sì fi ń gbé ẹ̀mí ró. Bí omi yẹn bá ti fà, ó parí nìyẹn. Obì ni kí ẹ fi wé. Ẹ ò lè rí ìyá olóbì kan tí yóò sá obì tó fẹ́ tà sóòrùn. Ewé gbòdògí ni wọ́n fi ń tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń bò ó, wọ́n á máa ṣí i wò kó má gbẹ, kó má sì rà. Bí kòkó ṣe rí nìyẹn, bí píà ṣe rí nìyẹn. Ọsàn náà kò fẹ́ gbígbẹ.

Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá jẹ èso ni kí ẹ gbin kóró rẹ̀. Tí kò bá ṣeé ṣe, kó má ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà jìn, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí ẹ̀rún pákó, ẹ fi bo kóró náà nínú ọ̀rá, kí ẹ má di ẹnu ọ̀rá náà pa. Ẹ má gbé e sí fíríìjì o! Igi ilẹ̀ olóoru ni máńgòrò, bí gbígbẹ ṣe ń pa kóró rẹ̀ ni òtútù náà ń pa á.

Ohun líle tí ẹ fọ̀ yẹn, àpótí ni. Inú rẹ̀ ni irúgbìn gan-an wà, ó sì dáa kí ẹ yọ ọ́ jáde, torí ó máa ń tètè hù ju kí ó máa bá àpótí jà nínú ilẹ̀. Ẹ fi kànrìnkàn ha ẹran ara rẹ̀ dànù, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn fún wákàtí díẹ̀ kó má baà máa yọ̀ (gbígbẹ kan ṣoṣo tí mo fọwọ́ sí nìyẹn). Ẹ fi àkísà dì í mú ṣinṣin, kí etí rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ kọjú sókè. Ẹ wá ibi tó fẹ́lẹ́ jù lára etí náà, ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ máa rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ki ọ̀bẹ bọ inú, kí ẹ má gé ọmọ lọ́rùn. Tí etí náà bá ti là, ẹ yí ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó gbọ́ “kà”, àpótí á ṣí. Ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ dà bí ẹ̀wà ńlá tó tẹ̀, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó dà bíi bébà ló bò ó. Ẹ bó awọ náà kúrò. Bí inú rẹ̀ bá ti dúdú tàbí tí kòkòrò ti lu ihò sí i, ẹ jù ú nù.

Ẹ dúró kí ẹ tó gbìn ín, kí ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ yín dáadáa. Òun ló máa parí ìjà tí àwọn ará yín ń jà.

Bó bá jẹ́ odindi kan tó dán, tó là sí àwẹ́ méjì bíi gbànja, ọmọ kan ló wà níbẹ̀, ọmọ ìyá àti bàbá. Ìyá ni igi tí ẹ jẹ èso rẹ̀. Bàbá ńkọ́? Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Eṣinṣin ló gbé ìyẹ̀fun òdòdó wá láti ara igi kan, ó lè jẹ́ máńgòrò eléèhù tó kún fún okùn ní ìkángun àdúgbò. Ọmọ yẹn lè jọ ìyá, ó lè jọ bàbá, ó sì lè gbé ìwà bàbá-ńlá kan tí a ti gbàgbé wá sílé.

Ṣùgbọ́n bó bá pín sí àwẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, tí kò dọ́gba, bí obì àbàtà ṣe ń rí, ẹ rẹ́rìn-ín. Ìbejì ni, ìbẹta ni, inú àpótí kan ni gbogbo wọn wà. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ẹ̀jẹ̀ bàbá kankan lára. Láti ara ìyá wọn gan-an ni wọ́n ti yọ, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń yọ ọmọ nídìí. Èso tí wọ́n bá so, èso ìyá wọn náà ni.

Ẹ ò wá rí i pé kò sẹ́ni tó purọ́ fún yín? Máńgòrò tí oníkálukú gbìn ló yàtọ̀. Ìran máńgòrò ilẹ̀ Íńdíà àti àwọn bíi Kent, Keitt àti Julie, ọlọ́mọ kan ni wọ́n. Ìran ti gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, irú Carabao ti ilẹ̀ Philippines, àwọn ni oníbejì. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ tí ọkọ yín rà, orúkọ ìlú ni wọ́n fi ń tà á lọ́jà, orúkọ ìlú kò sì sọ ìran igi. Ẹ ní kó ra òmíràn bọ̀, ẹ la kóró rẹ̀, ẹ ka àwẹ́.

Gbígbìn rẹ̀ kò le. Ilẹ̀dú apá méjì, iyanrìn apá kan, ìkúnwọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà débi tí kò rùn mọ́. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá nọ́sìrì tàbí garawa ọ̀dà yín, ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀. Ẹ̀yìn irúgbìn tó wú gọngọ ni kó kọjú sókè, kí yèèpẹ̀ bò ó tó ìnípọn ìka méjì. Ẹ gbé e sábẹ́ òjìji, ẹ máa fún un lómi, kó má sì rì sínú omi. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ó ti yẹ kó yọjú. Ewé àkọ́kọ́ máa ń pọ́n bíi bàbà, ó sì máa ń rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ẹnìkan pè mí lóru nítorí ìyẹn rí pé igi òun ń kú lọ. Bó ṣe máa ń rí ni. Tó bá di ọjọ́ bíi mélòó kan á le, á sì di àwọ̀ ewé.

Lára oníbejì, ẹ máa rí èèhù méjì tàbí mẹ́ta. Èyí tó bá kéré jù, tó rí ráńpẹ́, òun ló sábà máa ń jẹ́ ọmọ bàbá. Kì í ṣe òfin, nígbà mìíràn ọmọ bàbá náà máa ń lágbára, ṣùgbọ́n bí mo bá ní láti yọ ọ̀kan, òun ni mo máa ń yọ.

Tí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé kóró ọlọ́mọ kan kò wúlò fún nǹkankan, ẹ sọ ọ̀rọ̀ píà fún un. Ní 1926, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, akólẹ́tà kan tó ń jẹ́ Rudolph Hass gbin kóró píà. Kì í ṣe èso igi náà ló ń wá o. Ó fẹ́ fi ọmọ igi náà ṣe ìdí, kó lè so ẹ̀ka píà mìíràn lé e lórí. Ẹ̀ka tí wọ́n so kò mú. Wọ́n tún un so, kò mú. Wọ́n bá fi igi náà sílẹ̀. Nígbà tó so èso, èèpo èso náà rí págunpàgun, ó ń dúdú bó bá ti ń pọ́n, inú rẹ̀ sì lọ́ràá ju èyí tí wọ́n fẹ́ so lé e lọ. Ní 1935 ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lé igi náà lórí, orúkọ ara rẹ̀ ló sì ń jẹ́ dòní. Igi àkọ́kọ́ yẹn kú ní 2002, gbòǹgbò rẹ̀ ló jẹrà. Àmọ́ gbogbo píà Hass tí àwọn ará wa ń rà ní ṣọ́ọ̀bù ní Lọ́ńdọ̀nù, ara igi kan yẹn ni gbogbo ẹ̀ka wọn ti wá. Bí ẹ bá sì gbin kóró Hass, kì í ṣe Hass ni yóò so. Orí ló ṣe é fún akólẹ́tà yẹn. Àwọn tó gbin kóró píà tí wọ́n sì rí olómi pẹ̀ṣẹ̀pẹ̀ṣẹ̀ jẹ, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọdún ni mo fẹ́ kí ẹ rò dáadáa. Máńgòrò tí ẹ fi kóró gbìn lè gba ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ kó tó so. Ọsàn lè gba méje sí mẹ́wàá. Agbálùmọ̀ lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ìbejì yín á ti wọ girama! Igi náà kì í ṣe ọ̀lẹ, ọmọdé ló wà, ọmọdé kì í bímọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí a gé lára igi tó ti so, àgbà ni. Bí a bá so ó mọ́ orí ọmọ igi tó ti inú kóró hù, tí àwọn méjèèjì sì di ara kan, àgbà ló ṣì jẹ́, ó kàn ń jẹun láti ẹnu gbòǹgbò tuntun ni. Ìdí nìyẹn tí igi àsopọ̀ fi ń so ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, tí èso rẹ̀ kì í sì í ṣe àròsọ, torí pé ẹ ti jẹ èso ẹ̀ka náà kí ẹ tó gé e.

Bàbá mi gbin ọsàn láti inú kóró nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gún rẹ̀ gùn tó abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò. Bọ́ọ̀lù wa mélòó ló bẹ́ sí i lára! Ọdún kẹsàn-án ló so. Ó dùn, n ò ní purọ́, ó dùn bíi ti igi tí wọ́n ti mú kóró rẹ̀, torí oníbejì ni ọ̀pọ̀ kóró ọsàn mímu. Ọdún kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni oje bẹ̀rẹ̀ sí í sun lára èèpo rẹ̀ nítòsí ilẹ̀. Èèpo náà dúdú, ó ń ṣí, ewé ń pọ́n lórí. Kí ọdún tó yí po, ìyá mi ti fi í dáná. Àrùn tó ń jẹ ìdí ọsàn ni, ilẹ̀ tó máa ń rẹ̀gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀ ló ń gbé, gbòǹgbò ọsàn mímu kò sì lágbára rẹ̀. Látìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé kéèyàn rí èso tó jọ ìyá rẹ̀ kò tó. Ẹsẹ̀ tí igi fi dúró náà ṣe kókó.

Ìdí nìyí tí àwọn onínọ́sìrì wa kì í fi í gbin ọsàn mímu sórí gbòǹgbò ara rẹ̀. Lẹ́mọ́ọ̀nù eléèpo págunpàgun ni wọ́n ń fi kóró rẹ̀ hù, ojú ọsàn mímu (ibi tí ọmọ ẹ̀ka tuntun ti ń yọ) ni wọ́n á wá so lé e, torí lẹ́mọ́ọ̀nù yẹn lè fara da àrùn ìdí ju ọsàn mímu lọ. Oníbejì sì ni òun náà, kóró kan lè hu méjì mẹ́ta tó rí bákan náà.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyẹn, Ìyá Ìbejì. Ibi tí ẹ ní yẹn, ẹsẹ̀ bàtà 30 sí 25, máńgòrò kan ló gbà tó bá dàgbà tán, kò gba méjì. Tí ẹ bá sì fún Táyé ní máńgòrò, tí ẹ fún Kẹ́hìndé ní ọsàn, tí ọ̀kan so ṣáájú, ẹ̀yin lẹ máa gbọ́ ẹkún. Ọsàn méjì ni kí ẹ gbìn. Ẹ wá kóró lẹ́mọ́ọ̀nù náà, kó tutù, ẹ gbin bíi mẹ́wàá. Èyí tó bá hu méjì tó dọ́gba nínú kóró kan, ẹ rọra yà wọ́n nígbà tí wọ́n bá ní ewé mẹ́rin sí márùn-ún, kí olúkúlùkù wà nínú ọ̀rá tirẹ̀. Tí ara wọn bá ti tó ìnípọn pẹ́ńsùlù, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Á fi ọ̀bẹ mímú la èèpo ọmọ igi náà bíi lẹ́tà T, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sókè ilẹ̀, á gé ojú kan lára ẹ̀ka ọsàn tó ti so, á ti ojú náà bọ abẹ́ èèpo, á fi ọ̀já ọ̀rá wé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n á tú u. Bí ojú náà bá ṣì tutù, ó ti mú. Ẹ ní kó gé ojú méjèèjì lára ẹ̀ka kan náà. Láti gbòǹgbò dé orí, ìbejì ni igi méjì yẹn máa jẹ́. Tí ẹ ò bá rí ẹni ṣe é ní Ṣàgámù, NIHORT, ibi ìwádìí ọ̀gbìn tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1975, wà ní Ìdí-Ìṣin n'Ìbàdàn. (Igi eléso ló fún àdúgbò náà lórúkọ, ibi iṣẹ́ yẹn ì bá má bọ́ síbòmíràn.)

Máńgòrò tí ẹ fẹ́ràn yẹn, ẹ gbin kóró rẹ̀ bí mo ṣe wí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ bàbá ọkọ yín ni kí ẹ gbé e lọ tó bá ti dàgbà tó. Kó má sún mọ́ ilé, kó má sún mọ́ ṣọkawé. Bí ẹ bá rí i pé ọlọ́mọ kan ni kóró náà, ẹ gé ẹ̀ka lára igi Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn gan-an, kí wọ́n bá yín so ó.

Kí àwọn ọmọ máa rí nǹkan jẹ títí ọsàn á fi so, ẹ gbin ìbẹ́pẹ. Òun ni igi kóró tí kò fi àkókò ṣòfò: oṣù mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ẹ ti ń ká a. Èèyàn máa ń kùnà lọ́nà méjì. Àkọ́kọ́ ni awọ tó ń yọ̀ bí ilá tó bo hóró rẹ̀. Awọ yẹn ló ń dí i lọ́wọ́ kó má hù, ẹ dà á sínú asẹ́, ẹ fi ọwọ́ ra á lábẹ́ omi títí á fi ṣí. Èkejì ni akọ àti abo. Ẹ má mú hóró lára ìbẹ́pẹ roboto. Abo lásán ni igi tó so ó, akọ ibìkan ló sì gbé ìyẹ̀fun wá bá a, apá púpọ̀ nínú ọmọ rẹ̀ lè jẹ́ akọ. Lára ìbẹ́pẹ gbọọrọ ni kí ẹ ti mú un, torí igi tó ń so gbọọrọ ní akọ àti abo nínú òdòdó kan náà, bó bá sì jẹ́ òun ló gbà fún ara rẹ̀, kò ní bí akọ. Síbẹ̀ ẹ gbin ọmọ mẹ́ta sí ojú kan. Tí wọ́n bá tanná, èyí tí òdòdó rẹ̀ ń rọ̀ wálẹ̀ lórí ọ̀pá gígùn ni akọ, ẹ gé e. Mo ti rí ẹni tó kan ìṣó mọ́ ìbẹ́pẹ akọ lára kó lè so. Ìṣó náà dípẹtà, igi náà ń tanná lọ ní tirẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ igi kankan pẹ́ jù nínú ọ̀rá. Gbòǹgbò àárín rẹ̀ á kan ìdí ọ̀rá, á ká bí ẹja panla, bí ẹ bá sì gbìn ín bẹ́ẹ̀, kò ní tọ́ mọ́. Mo pàdánù máńgòrò àsopọ̀ kan bẹ́ẹ̀. Ó ti so ẹ̀ẹ̀mejì, ìjì kan ṣoṣo ló dà á dùbúlẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ká bí àdìrò. Ìgbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà, ni kí ẹ gbé wọn sílẹ̀. Kí ẹsẹ̀ bàtà 18 sí 20 wà láàárín ọsàn méjèèjì, kí ibi tí wọ́n ti so ojú náà ga kúrò nílẹ̀ dáadáa, kí koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ yí i ká láì fara kan èèpo. Ẹ fi igi tàbí àwọ̀n ṣe ọgbà yí i ká lọ́jọ́ náà gan-an. Ewúrẹ́ Ṣàgámù kò mọ̀ pé ti ìbejì ni.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn méjì àkọ́kọ́, ẹ lu ihò bíńtín sí ìdí ike omi kan, ẹ fi í sẹ́bàá igi kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rọ omi kún un lálẹ́ ọjọ́ kẹta-kẹta. Ẹ jẹ́ kí Táyé máa rọ ti Kẹ́hìndé, kí Kẹ́hìndé máa rọ ti Táyé.